Àrùn tó ń pa edé odò: ta ló kàn, ta ni kò kàn?

Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ohùn kan ti ń bọ́ láti orí fóònù kan sórí òmíràn láàárín àwa Yorùbá tó wà l'Ábújà. Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ inú edé, pé wọ́n ń kú lọ bẹẹrẹ nínú odò àwọn òyìnbó, kí ẹni tó bá ní crayfish nílé tètè dà á nù kó tó dá àìsàn sí i lára. Ní ọjà Nyanya, ìyá kan gbé múdù edé tí wọ́n ti wọ̀n fún un sílẹ̀ níṣojú mi, ó ní òun ò rà mọ́. Ẹni tó ń tà á wò ó títí, ó ní, "Màmá, Oron ni wọ́n ti kó o wá o, kì í ṣe ìlú òyìnbó." Ìdáhùn yẹn kúrú, àmọ́ nínú gbogbo ohun tí mo ti gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun ló sún mọ́ òtítọ́ jù.

Àrùn kan wà lóòótọ́. Ó ti lé ní ọgọ́jọ ọdún tó ti ń pa edé odò ní Yúróòpù, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ odò di òfìfo. Ibi tí ohùn yẹn ti ṣìnà ni pé ó fi orúkọ kan ṣoṣo bo ẹ̀dá méjì mọ́lẹ̀.

Ṣé edé tí a fi ń se ọbẹ̀ ni?

Rárá. Ohun tí a ń pè ní crayfish ní Nàìjíríà, tí wọ́n ń kó wá sí Àríwá nínú àpò ńláńlá láti Oron àti àwọn ìlú etíkun mìíràn, edé wẹ́wẹ́ ni. Ibi tí odò ti ń pàdé òkun ni wọ́n ti ń fi àwọ̀n kó o, wọ́n á sì yan án lórí iná igi títí yóò fi gbẹ. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni Nematopalaemon hastatus. Ẹ ti rí i rí: ó fẹ́lẹ́, ó tẹ̀ kọrọdọ, tọwọ́ tẹsẹ̀ rẹ̀ kò ju okùn abẹ́rẹ́ lọ.

Èyí tí àrùn ń pa yàtọ̀. Inú omi tí kò ní iyọ̀ ló ń gbé, nínú odò, adágún àti kòtò omi. Èèpo rẹ̀ le koko, ó sì ní ọwọ́ ńlá méjì bí ti akàn, tó fi ń já nǹkan jẹ, tó sì fi ń jà. Àwọn míì máa ń gùn ju ìka ọwọ́ àgbàlagbà lọ. Ẹni tó bá dé ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, tó ní kí wọ́n gbé crayfish wá fún òun, irú èyí ni wọ́n máa gbé wá ní sísè, pupa fòò, yóò sì máa wá edé tó mọ̀ kò ní rí i. Kí ọ̀rọ̀ má bàa tún dàrú, edé odò ni mo máa pe ọlọ́wọ́ akàn yìí, kí tiwa máa jẹ́ edé ọbẹ̀.

Àrùn náà kì í mú ènìyàn. Kò sí bí èèyàn ṣe lè kó o, ì báà jẹ edé odò tó ní in lára. Ohun tó ń fà á kò sì lè fara da gbígbẹ tàbí ooru iná, bẹ́ẹ̀ edé ọbẹ̀ ti gba iná, ó ti gba èéfín, ó ti gbẹ kó tó dé Nyanya, Wuse tàbí Garki. Bí edé inú ilé yín bá ní kòkòrò tàbí tó bá ń rùn, ẹ dà á nù, àmọ́ ẹ má fi ti àrùn yìí ṣe é.

Kí ni ohun tó ń fa àrùn náà gan-an?

Aphanomyces astaci ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, kì í ṣe bakitéríà. Bí òwú tínrín tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bu ló rí, ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé àtijọ́ fi kà á mọ́ ìdílé olú. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ báyìí, wọ́n ti fi sí ìdílé tí wọ́n ń pè ní oomycete, àwọn tó jọ olú lójú ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe ìbátan rẹ̀.

Orúkọ yẹn lè ṣàjèjì, ṣùgbọ́n ìdílé náà kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ẹni tí bàbá rẹ̀ dá oko kòkó mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa: Phytophthora, tó máa ń mú èso kòkó dúdú lórí igi lásìkò òjò, tí àwọn baba wa fi ń pọ́n oògùn sẹ́yìn káàkiri oko. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin jéró ní Kánò àti Jígáwá mọ òmíràn, èyí tó máa ń sọ orí jéró di ewé wúruwùru dípò kó so ọkà. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé ọ̀rinrin ni wọ́n fi ń rìn. Ibi tí omi bá gbẹ, ibẹ̀ ni agbára wọn ti pin.

Ti edé odò ń tú hóró wínníwínní sínú omi, tí ojú lásán kò lè rí. Hóró kọ̀ọ̀kan ní ìrù méjì tó fi ń wẹ̀. Yóò máa wẹ̀ kiri títí yóò fi gbóòórùn edé, yóò lẹ̀ mọ́ èèpo rẹ̀, yóò ká ìrù rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì ti okùn tínrín kan wọ inú ara ẹ̀dá náà. Bí kò bá rí edé, ó lè dúró díẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn: láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò kú bí kò bá rí ẹni tó máa gbé e.

Edé tó bá ti kó o máa ń hùwà òdì. Òru ló yẹ kó máa jáde, ọ̀sán gangan ni yóò máa rìn kiri. Yóò máa fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn bí ẹni tó gun igi àgéré. Bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, kò ní lè fi ìrù ta sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó bá yá, yóò dojú ẹ̀yìn délẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Nínú odò tí àrùn náà bá wọ̀, gbogbo wọn lè kú tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kó má ku ẹyọ kan. Ẹja á wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ á wà, ìgbín á wà, ohunkóhun kò ní ṣe wọ́n. Edé nìkan ló máa pòórá. Àmì yẹn gan-an ni wọ́n fi máa ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí májèlé, torí bí ẹnì kan bá da kẹ́míkà sínú omi, ẹja náà máa kú.

Ibo ló ti wá?

Amẹ́ríkà ti Àríwá ni ilé rẹ̀. Ọdún 1859 ni àwọn apẹja ní ìhà àríwá Ítálì, ní àfonífojì odò Po, kọ́kọ́ rí edé tó ń kú rẹpẹtẹ láìsí ìdí. Bó ṣe gba orí òkun kọjá kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Àwọn kan ní edé láàyè ló gbé e wá, àwọn kan ní inú omi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé sábẹ́ kí ó má bàa fì ni. Láti Ítálì ó wọ Faransé ní nǹkan bí ọdún 1874, ó wọ Jámánì, ó dé Rọ́ṣíà, ó dé Fínláńdì ní 1893. Ọdún 1906 ni Schikora, ọmọ Jámánì kan, fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, nǹkan tí kò lórúkọ ló ń pa edé wọn.

Ọwọ́ èèyàn ló ń gbé e káàkiri. Edé odò jẹ́ oúnjẹ ọlọ́lá nígbà náà, wọ́n ń kó o láàyè nínú apẹ̀rẹ̀ láti ìlú kan sí òmíràn. Bó ṣe dé Súwídìn ní 1907 ni wọ́n máa ń fi ṣàpẹẹrẹ. Wọ́n kó edé láti Fínláńdì dé Stockholm, ọjà bàjẹ́, wọ́n sì da àwọn òkú edé náà sínú adágún Mälaren. Ìdọ̀tí ni wọ́n rò pé àwọn ń dà nù. Nọ́wè rí tirẹ̀ ní 1971. Tọ́kì, tó ń kó ohun tó lé ní 5,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún nígbà tí iṣẹ́ náà gbèrú, kó àrùn náà ní àárín àwọn ọdún 1980, kí ọdún 1991 sì tó dé, ohun tí wọ́n ń rí kó kò ju ọgọ́rùn-ún tọ́ọ̀nù mélòó kan lọ. Ẹ fojú inú wo gbogbo apẹja etí adágún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Kí ló dé tí edé Amẹ́ríkà kò fi kú?

Torí pé wọ́n ti jọ dàgbà. Edé Amẹ́ríkà àti àrùn yìí ti wà pọ̀ láti ayébáyé, àwọn tí kò lè fara dà á ti kú tipẹ́, àwọn tó kù mọ bí wọ́n ṣe ń dè é mọ́lẹ̀. Bí okùn àrùn náà bá ti wọ inú èèpo, àwọn ọmọ ogun ara edé náà á sáré fi àwọ̀ dúdú, mẹ́lánììnì, ká a mọ́ ibi tó wà. Kò ní kú, kò sì ní lè jáde. Ẹ lè rí i bí àpá dúdú tóótòòtó lára wọn. Edé Yúróòpù náà ní irú ogun bẹ́ẹ̀ nínú ara, àmọ́ wọn ò tètè jí. Kí wọ́n tó dìde, àrùn ti gba ilé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tí kò kú kò túmọ̀ sí ẹni tí kò ní i. Edé Amẹ́ríkà ń gbé e kiri títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì ń tú hóró sínú omi, pàápàá nígbà tó bá ń bọ́ èèpo tàbí tó bá ń kú lọ. Edé Yúróòpù, ọmọ onílẹ̀, tó bá bá a pàdé nínú omi kan náà ló máa lọ.

Kí ló wá dé tí wọ́n tún fi ọwọ́ ara wọn kó edé Amẹ́ríkà wọlé?

Ibí ni ìtàn náà ti le. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n kó o wá, ó sì ní ìdí tó dára lójú wọn nígbà kọ̀ọ̀kan.

Ní 1890, Max von dem Borne, tó ń sin ẹja ní Jámánì, kó irú kan wá láti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ó fi sínú adágún rẹ̀ ní abúlé kan tó wà ní ilẹ̀ Pólándì lónìí. Ìran wọn ti tàn ká odò ńláńlá Yúróòpù báyìí. Ní 1973 àti 1974, àwọn Sípéènì kó edé pupa Louisiana, Procambarus clarkii, wá sí ìhà gúúsù ìlú wọn, ó sì dé àbàtà odò Guadalquivir níbi tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì.

Ti Súwídìn ló kọ́ni lọ́gbọ́n jù. Lẹ́yìn tí àrùn ti pa edé wọn, àwọn tó ń mójú tó ìpẹja ronú pé bí ti ilé bá ti kú, kí wọ́n wá irú tí àrùn kò lè pa. Láti nǹkan bí 1960 ni wọ́n ti kó edé kan láti California wá fi dán an wò, èyí tí wọ́n ń pè ní edé signal nítorí àpá funfun tó wà ní oríkèé ọwọ́ rẹ̀. Láti 1969 ni wọ́n ti wá ń tú u sínú adágún lọ́pọ̀ yanturu. Ó ń dàgbà dáadáa, ó dùn, àrùn kò pa á. Ẹ̀yìn náà ni ìwádìí Torgny Unestam, onímọ̀ Súwídìn kan, wá fi hàn kedere pé ìdí tí àrùn kò fi pa á ni pé òun gan-an ló ń gbé e. Ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú, ata ló fi sẹ́nu. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti wà nínú ọ̀pọ̀ omi, Gẹ̀ẹ́sì náà sì ti ń kó o wá láti sìn láàárín àwọn ọdún 1970. Ní 1981 wọ́n rí àrùn náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Edé ọlọ́wọ́ funfun tó jẹ́ ti ilẹ̀ wọn ti wà báyìí lára àwọn ẹ̀dá tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó lè pòórá láyé.

Èwo ni wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí?

Ní 2016, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá àtọ̀húnrìnwá tó ń ba ilẹ̀ jẹ́ jáde, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 2014. Edé Amẹ́ríkà mélòó kan wà níbẹ̀, signal àti ti Louisiana pẹ̀lú. Ohun tó bá wọ ìwé yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sìn ín, kó tà á láàyè, tàbí kó tú u sínú omi.

Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀dá odò ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, pé omi kọ̀ọ̀kan tí edé àjèjì bá wọ̀, ọmọ onílẹ̀ ti lọ nìyẹn láéláé. Súwídìn ta kò ó, torí oṣù Ògún ni wọ́n máa ń ṣe àríyá edé wọn, odindi ìdílé á jókòó sí ìta, wọ́n á dé fìlà bébà, wọ́n á máa jẹ ẹ́, signal ló sì pọ̀ jù lórí àwo báyìí. Bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n ní, àwọn èèyàn á máa tú u ní bòókẹ́lẹ́, èyí á sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n gbà wọ́n láyè láti máa pa èyí tó ti wà nínú omi tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má ṣáà gbé e láàyè lọ tú sínú omi mìíràn.

Ní Sípéènì, ìjà náà gba ilé ẹjọ́. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Isla Mayor, lẹ́bàá oko ìrẹsì Guadalquivir, ń jẹun lórí edé Louisiana: wọ́n ń pa á, wọ́n ń sè é, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sókè òkun. Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn sọ ní 2016 pé kò bófin mu láti máa fi ẹ̀dá tó ń ba ilẹ̀ jẹ́ ṣòwò, ìlú náà fárígá. Ọdún 2018 ni wọ́n tún òfin náà ṣe, kí wọ́n lè máa pa á níbi tó ti fìdí múlẹ̀. Ohun tó ya èèyàn lẹ́nu ni pé edé yìí kan náà ló ń gbẹ́ ihò sínú ebè tí wọ́n fi ń dá omi dúró lóko, tó sì ń jẹ ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

Láàárín àwọn onímọ̀ fúnra wọn, ìyàtọ̀ wà. Ní Fínláńdì, ní Slovenia àti ní Tọ́kì, wọ́n ti rí edé onílẹ̀ tó ní àrùn náà lára tí kò sì kú. Àwọn kan ní ìyẹn fi hàn pé irú àrùn tó kọ́kọ́ dé ti ń rọ̀, tàbí pé edé náà ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jà. Àwọn mìíràn ní irú àrùn tó ń ti ara signal wá ṣì le gan-an, pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìrètí yẹn tú ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀. Ìran àrùn náà ju ẹyọ kan lọ: èyí tó ń gbé lára edé Louisiana lè wẹ̀ nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ó yẹ kí ìyẹn wà létí ẹni tó ń gbé ní ìlú olóoru.

Báwo ló ṣe ń dé odò tí edé àjèjì kò sí?

Áyálándì ni ẹ̀rí ibẹ̀. Wọ́n rí àrùn náà lára edé onílẹ̀ wọn ní Cavan ní 2015, ní 2017 ó tún yọ ní odò Suir àti àwọn odò míì tó jìnnà síra. Nínú àwọn odò wọ̀nyẹn, kò sí edé Amẹ́ríkà kankan. Kí ló wá gbé e débẹ̀? Ohun tí wọ́n rò ni pé hóró àrùn ló lẹ̀ mọ́ bàtà ọ̀rá, àwọ̀n, ọkọ̀ ojú omi kékeré àti irinṣẹ́ ìpẹja tí kò tíì gbẹ. Apẹja tó fi òwúrọ̀ pẹja ní odò kan, tó fi ìrọ̀lẹ́ pẹja ní òmíràn, tó to gbogbo nǹkan rẹ̀ ní tútù sẹ́yìn ọkọ̀, òun náà lè gbé e. Nínú omi tí wọ́n fi gbé ẹja láàyè náà ó lè wà.

Ohun tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa ṣe rọrùn: kí wọ́n wò ó, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a sí oòrùn kó gbẹ dáadáa fún ohun tó lé ní ọjọ́ kan gbáko. Kò sí oògùn fún edé tó ti kó o nínú odò, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún ń kó edé ọlọ́wọ́ funfun díẹ̀ lọ pamọ́ sínú omi tó dá wà, bíi kòtò tí wọ́n ti wa òkúta tán, bí Nóà ṣe kó ẹranko sínú ọkọ̀.

Ṣé ó ti dé ilẹ̀ Adúláwọ̀?

Ìdáhùn èyí pín sí méjì, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń tún ohùn yẹn fi ránṣẹ́ ti ṣì í.

Àkọ́kọ́, kò sí edé odò onílẹ̀ kankan ní ilẹ̀ Áfíríkà. Kì í ṣe pé wọ́n ti kú tán o, kò sí níbẹ̀ láti ilẹ̀. Akàn odò la ní, a sì ní edé Macrobrachium tó wà nínú Odò Ọya àti Benue, àwọn yẹn ò sì sí lára ẹni tí àrùn náà ń pa. Erékùṣù Madagásíkà nìkan ló yàtọ̀: irú edé odò méje ló ní, tí kò sí níbòmíràn láyé. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń ṣàníyàn nípa edé alámì kan tó dé ọjà Antananarivo láàárín àwọn ọdún 2000. Edé náà kò ní akọ. Abo nìkan ni gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bímọ láìsí ọkọ, ọmọ wọn sì jọ ìyá wọn bí ìgbà tí ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Láti inú ìkòkò gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i láàárín àwọn ọdún 1990. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bọ́ sínú odò tó láti bẹ̀rẹ̀ ìran. Ó ti inú ìdílé Amẹ́ríkà wá, ó sì lè gbé àrùn.

Ìkejì, edé àjèjì ti wà ní Áfíríkà láti bí àádọ́ta ọdún ó lé. Wọ́n kó edé Louisiana láti Ùgáńdà lọ sí adágún Naivasha ní Kẹ́ńyà ní 1970, kí wọ́n lè máa tà á fún àwọn Yúróòpù tí edé tiwọn ti kú. Ó jẹ ewéko inú adágún náà débi tí òdòdó ojú omi fi pòórá. Ó wà ní Íjíbítì, ó wà ní Gúúsù Áfíríkà. Ní Sáḿbíà, edé Ọsirélíà tí wọ́n ń sìn lẹ́bàá odò Kafue bọ́ sódò ní nǹkan bí 2001, ó sì ti dé adágún Kariba. Àwọn apẹja níbẹ̀ ń ṣàròyé pé ó ń bu ẹja tó há sínú àwọ̀n wọn jẹ kí wọ́n tó fà á sókè. Ti Ọsirélíà yìí kì í ṣe agbárùn. Bí àrùn bá mú un, òun náà ń kú, wọ́n ti rí i nínú ọgbà edé ní Taiwan.

Fún ilẹ̀ wa, nítorí náà, àrùn náà kò ní ẹni tó máa pa. Ẹni tó ń gbé e ló yẹ ká máa ṣọ́.

Kí ló kan Àríwá Nàìjíríà níbẹ̀?

Ẹ wo ibi tí edé Louisiana ti ń ṣe dáadáa: omi tí kò jìn, tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, oko ìrẹsì, kòtò omi ìfomirinko, àbàtà tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn tó tún ń kún lójò. Bí omi bá gbẹ, ihò ló ń gbẹ́ wọlẹ̀, á dúró de òjò. Ẹni tó ti rin ìrìn àjò lọ sí Argungu, tó ti rí fadama Kẹ́bbì tàbí àwọn kòtò omi tó ti ìdídò Tiga wá ní Kánò, mọ irú ibi tí mò ń sọ. Àbàtà Hadejia-Nguru náà ni. Lẹ́yìn tí àwọn ìdídò yí ìṣàn omi padà níbẹ̀, koríko kan tí àwọn Hausa ń pè ní kachalla ti bo ọ̀nà omi, ó ti dí ọ̀nà ọkọ̀ àwọn apẹja, ó sì ti di ibùgbé ẹyẹ tó ń jẹ oko. Àwọn tó ń jà pẹ̀lú kachalla kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn bí àlejò ṣe ń di onílé.

Àmọ́ apá kejì wà tí kò yẹ ká fi pamọ́, torí Àríwá gan-an ló kàn. Ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní tsagiya, pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ nínú kòtò omi, ìgbín inú omi ló sì ń gbé kòkòrò rẹ̀. Edé Louisiana fẹ́ràn ìgbín. Ìwádìí kan tó jáde ní 1999 láti Kẹ́ńyà sọ pé níbi tí wọ́n fi edé náà sí, ìgbín dínkù, iye ọmọ iléèwé tó ń kó àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sì dínkù ní àwọn ibì kan. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní ó dára ju kí à máa da oògùn sínú omi lọ. Àwọn tó ta kò ó ní èèyàn lè gbé e wọ odò, kò sẹ́ni tó lè kó o jáde mọ́, ìrẹsì àti ebè àgbẹ̀ á sì san owó ìgbín. Ọ̀rọ̀ Naivasha àti Guadalquivir wà lẹ́yìn wọn. Ẹ̀rí Kẹ́ńyà náà wà lẹ́yìn àwọn tàkọ́kọ́.

Ọ̀nà tó ṣeé ṣe kó gbà wọlé kò pọ̀: ẹni tó fẹ́ sìn ín fún títà, tàbí ẹni tó rà á láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ nínú gíláàsì ẹja, tó sì rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, tó lọ dà á sínú adágún Jabi. Àjọ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn, ẹranko àti ẹ̀dá omi wò kí wọ́n tó wọ orílẹ̀-èdè yìí ni NAQS, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà níhìn-ín l'Ábújà. Àrùn edé odò sì wà lára àwọn àrùn tí àjọ àgbáyé fún ìlera ẹranko, WOAH, ní kí orílẹ̀-èdè tó bá rí i tètè kéde. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ó dé lára edé kan, kì í ṣe edé nìkan ló lè wà lára rẹ̀: ní Tọ́kì, wọ́n ti rí i lára akàn odò.

Ṣé ó lè mú ẹja àrọ̀ inú ọ̀gbun wa?

Aphanomyces astaci kì í mú ẹja. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sin àrọ̀ ní Gwagwalada, Kuje àti Lugbe ní ohun mìíràn tó yẹ kí wọ́n mọ̀, torí ó ní àbúrò. Aphanomyces invadans lorúkọ rẹ̀, ẹja lòun ń jẹ. Éṣíà ló ti gbajúmọ̀. Ní 2006, ó yọ ní odò Chobe àti Zambezi, níbi tí Botswana, Nàmíbíà àti Sáḿbíà ti pàdé, àrọ̀ sì wà lára àwọn ẹja tó mú. Àmì rẹ̀ kò fara sin: ojú pupa kékeré á kọ́kọ́ yọ lára ẹja, á di egbò, egbò náà á jinlẹ̀ wọ inú ẹran débi pé egungun lè hàn. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù lẹ́yìn òjò ńlá ló sábà máa ń mú un wá. Egbò lára àrọ̀ lè ti ibi púpọ̀ wá, ìjà àti omi ìdọ̀tí pẹ̀lú, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sáré fọn ohùn mìíràn sórí fóònù. Kí wọ́n mú ẹja tó ní egbò láàyè, nínú omi tirẹ̀, lọ bá dókítà ẹranko, kí wọ́n má sì da omi ọ̀gbun náà sínú odò kí èsì tó dé.